Ọjọ́ Tí Mo Fọ Kẹ̀kẹ́ Àkọ́kọ́ ní Ìsọlọ̀

Ọjọ́ Jímọ̀ kan wà tó jókòó sí mi lọ́kàn, tí kò fẹ́ dìde. Ó ti pẹ́ gan-an, irun orí mi ṣì dúdú nígbà náà, ṣùgbọ́n bí mo bá rántí rẹ̀ nínú ọkọ̀, ẹ̀rín a bú jáde lẹ́nu mi, ẹni tó jókòó tì mí a sì bẹ̀rẹ̀ sí í sún kúrò díẹ̀díẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n kúkú rò ó fún yín. Ẹni tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ara rẹ̀ kò gbọdọ̀ bínú tí wọ́n bá fi í rẹ́rìn-ín.

Ọdún tí a gba òmìnira ni. Mo jẹ́ tíṣà ní ilé ìwé kan ní Ìsọlọ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ní ṣòkòtò dríìlì funfun kan ṣoṣo àti ẹnu tó tó ti èèyàn mẹ́ta. Ìsọlọ̀ ìgbà náà kì í ṣe èyí tí ẹ mọ̀ yìí o. Oko ẹ̀gẹ́ àti ọ̀pẹ ló wà láàrin wa àti Òṣòdì. Bí a bá ti gbọ́ fèrè ọkọ̀ ojú irin ketekete láti ọ̀hún, àwọn ìyá wa a ní kí a yára kó aṣọ wọlé, òjò ń bọ̀.

Ọ̀gá ilé ìwé wa ló mú àbá kan wá. Wọ́n ní lọ́jọ́ òmìnira, kí a ya kíláàsì kan sọ́tọ̀, kí agbolé kọ̀ọ̀kan gbé ohun tó jẹ́ àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní ìlú wá síbẹ̀: ẹ̀rọ ìránṣọ àkọ́kọ́, giramafóònù àkọ́kọ́, bẹ́ẹ̀dì onírin àkọ́kọ́, títí kan agboòrùn àkọ́kọ́. Wọ́n ní àwọn ọmọ ń ka ìtàn ìlú òyìnbó lákàtúnkà, wọn ò sì mọ ẹni tó kọ́kọ́ fi páànù bo ilé ní àdúgbò tiwọn. Ta ni yóò wá kó àwọn nǹkan náà jọ? Èmi ni mo nawọ́ sókè jù, èmi ni wọ́n fún.

Kì í ṣe ìfẹ́ ìtàn ló gbé ọwọ́ mi sókè. Múnírátù ni. Ọmọbìnrin yìí ń ránṣọ níwájú ilé wọn, mo sì ti fa bọ́tìnnì ẹ̀wù mi já lẹ́ẹ̀mẹ́fà kí n lè gbé e lọ fún un kó bá mi rán an. Bàbá rẹ̀, tí gbogbo ayé ń pè ní Bàbá Múní, káfíńtà ni wọ́n, àgbà tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, tó sì jẹ́ pé bí wọ́n bá wò ọ́, wàá kàn bẹ̀rẹ̀ sí í tún ọrùn ẹ̀wù rẹ ṣe ni. Inú ilé wọn sì ni kẹ̀kẹ́ àkọ́kọ́ tó wọ Ìsọlọ̀ wà.

Ìtàn kẹ̀kẹ́ yẹn, gbogbo àgbà ìlú ló mọ̀ ọ́n. Bàbá tó bí Bàbá Múní ló rà á l'Èkó. Bàbá àgbà ò mọ kẹ̀kẹ́ gùn, wọ́n kúkú rù ú lérí wọ̀lú bí ẹni ru igi ìdáná, gbogbo ọmọdé sì tẹ̀ lé wọn títí dé ẹnu ọ̀nà. Ṣùgbọ́n Bàbá Làsísì, tí agbolé tiwọn kò jìnnà, kò gbà. Wọ́n ní bàbá tàwọn ló kọ́kọ́ mú kẹ̀kẹ́ wọ̀lú, wọ́n sì ní kẹ̀kẹ́ kan tó ti dógùn-ún nílé tí wọ́n fi ń jà á. Ọ̀rọ̀ yìí ti mú kí àgbà méjì máa kí ara wọn láti òdìkejì títì, kí ẹnikẹ́ni nínú wọn má sì dúró gbọ́ ìdáhùn.

Mo lọ dọ̀bálẹ̀ níwájú Bàbá Múní. Mo ṣàlàyé ọ̀rọ̀ ọjọ́ òmìnira. Wọ́n gbọ́ mi tán, wọ́n tún igi kan tẹ́ lórí tábìlì iṣẹ́ wọn.

"Ṣé ìwọ ni tíṣà tí bọ́tìnnì ẹ̀ máa ń já?"

"Èmi ni sà."

"Ọmọkùnrin kan láti Múṣin ti ń rán àwọn èèyàn ẹ̀ sí mi nítorí Múní. N ò tíì dá wọn lóhùn. Mo ń gbọ́ tìrẹ náà lábẹ́nú." Wọ́n wò mí. Mo tún ọrùn ẹ̀wù mi ṣe. "Gbé kẹ̀kẹ́ bàbá mi lọ. Bí mo ṣe gbé e fún ọ yìí, bẹ́ẹ̀ gan-an ni kí o gbé e padà fún mi. Tó bá ti rí bẹ́ẹ̀, máa kó àwọn èèyàn tìẹ náà bọ̀."

Ẹ̀yin èèyàn mi, ṣé ọ̀rọ̀ yìí ṣòro? Ọmọ ọdún méje á gbọ́ ọ. Èmi tí mo ka ìwé, mo ní ọ̀rọ̀ ọmọlúàbí lásán ni, bí ìgbà tí èèyàn bá ní "ẹ má ṣe wàhálà o" níbi tí wọ́n ti ń se oúnjẹ fún un.

Inú àjà ilé ìdáná ni wọ́n so kẹ̀kẹ́ náà kọ́ láti ọdún gbọọrọ. Èéfín ti kùn ún dúdú, epo pupa ti dì mọ́ ọn, ìyẹ́ adìyẹ kan wà lára irin ọwọ́ rẹ̀. Awọ ìjókòó rẹ̀ le bí pákó, ó sì sán lójú mẹ́ta-mẹ́ta ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún àti òsì. Mo fọwọ́ kàn án, mo ní, "Ogbó nìyí." Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó. Bí mo bá gbé ìdọ̀tí yìí padà fún bàbá yìí bó ṣe rí, kí ni yóò fi mọ̀ pé ọmọ tó já fáfá ló fẹ́ di àna òun? Àbí ilé ọba tó jó kọ́, ẹwà ló bù sí i?

Ni mo bá mú kẹrosíìnì, mo mú yanrìn, mo mú ọṣẹ àti kànìnkànìn. Mo fọ kẹ̀kẹ́ náà láti àárọ̀ títí oòrùn fi wọ̀. Mo fọ èéfín, mo fọ epo, mo já ìyẹ́ adìyẹ dànù. Nígbà tí irin yọ, mo rí i pé ó ti dógùn-ún níbì kan, ni mo bá lọ ra ọ̀dà. Ọ̀dà wo ni mo rà? Ọdún òmìnira mà ni! Mo kùn ún ní àwọ̀ ewé, mo kùn ún ní funfun, mo tún kùn ún ní àwọ̀ ewé. Mo dúró sẹ́yìn wò ó, omi bọ́ lójú mi nítorí pé ó wù mí.

Ìjókòó gbígbó yẹn nìkan ló ń bà á jẹ́. Ní ọjọ́ Túsìdeè, mo gun kẹ̀kẹ́ náà lọ sọ́dọ̀ aránbàtà kan tó máa ń jókòó sí ẹ̀gbẹ́ rélùwéè ní Òṣòdì, tó ń tún nǹkan aláwọ ṣe. Ó fún mi ní ìjókòó tuntun tó ń dán. Ó bi mí pé kí ni kí òun ṣe sí ti àtijọ́. Mo ní, "Ṣe é bó bá ṣe wù ọ́," mo sì jù ú sí i lẹ́sẹ̀ bí ọlọ́rọ̀.

Ohun tí n ò mọ̀ ni pé ọ̀dà náà ò tíì gbẹ. Nígbà tí mo padà dé iwájú ilé Múní, tí mo sọ̀kalẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rín músẹ́, ó wo ìsàlẹ̀ mi, ó fi ọwọ́ bo ẹnu.

"Tíṣà, kí ló ṣe ṣòkòtò yín?"

Ṣòkòtò dríìlì funfun mi kan ṣoṣo ti di àsíá Nàìjíríà láàrin itan méjèèjì. Mo ní kò tó nǹkan. Mo ní kó wo kẹ̀kẹ́. Ó wò ó.

"Kẹ̀kẹ́ ta nìyẹn?"

"Ti bàbá àgbà yín ni."

Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. "Ṣé bàbá mi ló ní kí ẹ ṣe é báyìí?"

"Mo fẹ́ kó yà wọ́n lẹ́nu ni."

"Hẹ̀n-ẹ́n," ló wí, ó sì padà sídìí ẹ̀rọ rẹ̀. "Á yà wọ́n lẹ́nu."

Ọjọ́bọ̀ ni àwọn àgbà wá wo kíláàsì náà kí ọjọ́ tó kò. Bàbá Múní wọlé, wọ́n kí wa, wọ́n yí ojú wọn ká, wọ́n kọjá lára kẹ̀kẹ́ náà lẹ́ẹ̀méjì. Wọ́n ní, "Tíṣà, kẹ̀kẹ́ bàbá mi ńkọ́?"

Mo nà án sí wọn tìgbéraga-tìgbéraga. "Òun nìyí sà!"

 Wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n fọwọ́ ra ìjókòó tuntun náà lápá ọ̀tún, wọ́n ra á lápá òsì. Ìgbà náà ni Bàbá Làsísì rẹ́rìn-ín lẹ́yìn wa. "Ẹ̀yin ará Ìsọlọ̀, ẹ bá mi wò ó o! Kẹ̀kẹ́ tí gbogbo wa gbọ́ ìtàn ẹ̀, ó ní ojú. Bàbá wọn ò mọ̀wé, wọ́n fi ọ̀bẹ kọ ilà ojú ara wọn sí awọ ìjókòó ẹ̀, pélé mẹ́ta lọ́tùn-ún, mẹ́ta lósì, kí ẹnikẹ́ni má bàa gbà á lọ́wọ́ wọn. Èyí ò lójú! Èkó ni wọ́n ti rà á wá ní ọ̀sẹ̀ yìí!"

Háà! Ilà ni mo pè ní ogbó. Ilẹ̀ ò lanu, n bá kó sínú rẹ̀. Mo wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ Bàbá Múní, ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wá rí i dáadáa pé pélé mẹ́ta wà ńbẹ̀ níhìn-ín, mẹ́ta lọ́hùn-ún. Mo ti ń wo ojú yẹn láti oṣù mélòó kan, ọmọ inú ilé ni mò ń wò, n ò wo bàbá. Ọ̀gá ilé ìwé wa ní bí kò bá sí àmì, káàdì "Kẹ̀kẹ́ Àkọ́kọ́" yóò lọ sára kẹ̀kẹ́ Bàbá Làsísì lọ́jọ́ Sátidé. Bàbá Múní kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Wọ́n kàn sún mọ́ mi, wọ́n rọra sọ̀rọ̀ sí mi létí.

"Ojú bàbá mi lo fọ nù. Bí kò bá padà, má jẹ̀ẹ́ kí ẹsẹ̀ ẹ kan ẹnu ọ̀nà mi mọ́. Màá dá àwọn ará Múṣin lóhùn lọ́jọ́ Àìkú."

N ò sùn. Ní àárọ̀ Jímọ̀, mo fẹsẹ̀ rìn dé Òṣòdì, torí n ò lójú tí n ó fi gun kẹ̀kẹ́ kankan. Mo bá aránbàtà lórí àpótí rẹ̀.

"Ọ̀rẹ́ mi, awọ tí mo jù sílẹ̀ lọ́jọ́sí dà?"

"Áà, awọ yẹn! Awọ ayé àtijọ́ ni, kò sí irú ẹ̀ mọ́. Mo ti gé e."

"O gé e ṣe kí ni?"

"Bàbá kan wá, gìgísẹ̀ ń dùn wọ́n. Mo gé e sí méjì, mo fi tẹ́ inú sálúbàtà wọn ní ẹ̀yìn. Wọ́n wá gbé e láàárọ̀ àná, inú wọn dùn. Ará Ìsọlọ̀ yín náà ni. Bàbá Làsísì ni wọ́n ń pè wọ́n."

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Nígbà tí bàbá yẹn ń pariwo lánàá pé kẹ̀kẹ́ wa kò lójú, orí ojú náà ni wọ́n dúró sí!

Ẹni tó ní làákàyè yóò lọ bá Bàbá Làsísì, yóò dọ̀bálẹ̀, yóò ṣàlàyé. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ nísinsìnyí. Ní ọjọ́ yẹn, mo rò pé bí mo bá sọ fún wọn, inú kànga ni wọn yóò ju awọ náà sí. Nígbà tí mo fi sáré padà dé ìlú, wọ́n ti lọ kírun Jímọ̀. Ọkàn mi bá sọ fún mi pé, "Bàtà kì í wọ mọ́ṣáláṣí. Bàtà wà níta." Ẹ gbọ́ ohun tí èṣù ń sọ fún ọmọ ìjọ!

Mo dé ẹnu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí. Háà, sálúbàtà ìlú! Gbogbo rẹ̀ pupa rúsúrúsú, gbogbo rẹ̀ jọ ara wọn. Mo bẹ̀rẹ̀, mo ń gbé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, mo ń wo inú, mo ń gbé e kalẹ̀. Mo rí èyí tó lu, mo rí èyí tí owó kọ́bọ̀ ṣubú sínú ẹ̀, mo tilẹ̀ rí èyí tí kò ní ẹnìkejì. Ìgbà tó yá, mo gbé ọ̀kan tó tóbi, ni mo bá rí i: awọ dúdú tó le bí pákó, ilà mẹ́ta gbọọrọ níbi gìgísẹ̀ ọ̀tún. Mo gbé ẹnìkejì, mẹ́ta tún wà níbi tòsì. Orí mi wú. Mo fi èékánná tú u, kò tú. Aránbàtà yẹn mọṣẹ́, ìyà ń jẹ mí. Ni mo bá kúnlẹ̀, mo ki bàtà bọ ẹnu, mo fi eyín fà á.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kírun mọ̀ pé bí ìrun bá parí, wọn a yíjú sí ọ̀tún, wọn a ní "Asàlámù àléékúmù," wọn a tún yíjú sí òsì. Èmi ò mọ̀ nígbà náà. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún ìlà ẹ̀yìn ni ẹnu ọ̀nà wà. Gbogbo jámáà yíjú sí ọ̀tún lẹ́ẹ̀kan náà, àwọn tó wà ní ìlà ẹ̀yìn sì rí tíṣà ọmọ wọn lórí orúnkún, tó ń jẹ sálúbàtà.

"Olè bàtà o!"

Mo fẹ́ sá, ẹsẹ̀ mi há sínú bàtà onírúurú. Wọ́n mú mi. Ẹnì kan gbá mi létí, ẹnì kan ní, "Tíṣà mà ni!" ẹni tó gbá mi létí sì gbá mi lẹ́ẹ̀kejì nítorí ẹ̀kọ́ tí mò ń kọ́ ọmọ ẹ̀. Wọ́n wọ́ mi dé àárín àgbàlá, mi ò sì fi sálúbàtà náà sílẹ̀ o, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì. Mo gbójú sókè, Bàbá Múní ló dúró níwájú mi. Ojú tó tì mí lọ́jọ́ yẹn, kò tíì tì mí bẹ́ẹ̀ rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi.

Bàbá Làsísì gbá bàtà wọn mú. "Ìwọ tí o kì í kírun, kí lò ń wá nínú bàtà mi?"

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà. Ojú bàbá Bàbá Múní ni."

 Ẹnì kan ní àánú mi ṣe òun, ìwé ti dà mí lórí rú. Ṣùgbọ́n Bàbá Múní gba bàtà náà, wọ́n gbé e sí oòrùn. Wọ́n fi ìka tọ ilà àkọ́kọ́, wọ́n tọ ìkejì, wọ́n tọ ìkẹta. Wọ́n sì gbé ọwọ́ kan náà lọ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ara wọn. Mo ro gbogbo ọ̀rọ̀ náà láìfi nǹkan kan pamọ́, láti orí ọṣẹ dé orí ọ̀dà dé orí aránbàtà. 

"Bàbá Làsísì," ni Bàbá Múní wí, "bàbá mi lẹ tẹ̀ mọ́lẹ̀ wá sí mọ́ṣáláṣí."

Mo rò pé ìjà dé nìyẹn. Àwọn ọ̀dọ́ agbolé méjèèjì ti ń ká apá ẹ̀wù. Bàbá Làsísì wo awọ náà títí, wọ́n bá lóṣòó, wọ́n fi etí agbádá funfun tí wọ́n wọ̀ wá sí Jímọ̀ nu eruku ẹsẹ̀ wọn kúrò lórí ilà náà, wọ́n nu ọ̀tún, wọ́n nu òsì.

"Wàláì, n ò mọ̀. Bàbá, ẹ má bínú." Awọ ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà wọ́n gbójú sókè sí Bàbá Múní. "Orí awọ yìí ni bàbá yín gbé mi jókòó sí nígbà tí mo kéré, tí wọ́n ń tì mí kiri ìta, torí wọn ò mọ̀ ọ́n gùn. Kẹ̀kẹ́ tiwa ò tíì dé nígbà yẹn. Mo ti mọ̀ tipẹ́. Ohun tí èèyàn bá ti fi ọdún gbọọrọ sọ, ó ṣòroó gbé mì."

Àgbà méjì tí wọn kì í kí ara wọn dáadáa di ọwọ́ ara wọn mú. Inú mi dùn, mo fẹ́ dìde. Wọ́n yíjú sí mi lẹ́ẹ̀kan náà.

"Ìwọ! Jókòó síbẹ̀!"

Ìbáwí tí mo gbọ́ lọ́jọ́ náà, bí wọ́n bá pín in fún gbogbo ilé ìwé wa, á kárí. Bí ọ̀kan bá sinmi, èkejì a gbà á. Nígbà tó yá, Bàbá Làsísì fúnra wọn ló bi Bàbá Múní léèrè pé kí ni wọ́n fẹ́ ṣe sí ọ̀rọ̀ ọmọbìnrin yẹn báyìí. Bàbá Múní wò mí láti orí dé àtàǹpàkò ẹsẹ̀. Ẹ̀wù mi ti ya, etí mi ń hó.

"Àwọn ará Múṣin, aṣọ ni wọ́n gbé wá," ni wọ́n wí. "Kò sí èyí tó kúnlẹ̀ fi eyín fa bàtà Làsísì nínú wọn, kí ojú bàbá mi má bàa sọnù. Òmùgọ̀ ni eléyìí, mo rí i. Ṣùgbọ́n òmùgọ̀ tiwa ni." Wọ́n ní kí n fi àfọ́kù ìgò ha gbogbo ọ̀dà yẹn kúrò, kí aránbàtà rán awọ náà padà, kí n sì dúró ti kẹ̀kẹ́ náà lọ́jọ́ òmìnira, kí n máa fi ẹnu ara mi sọ ohun tí mo ṣe fún gbogbo ẹni tó bá wọlé.

Mo dúró. Ẹ̀yin èèyàn mi, mo dúró láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́. Kò sẹ́ni tó wo giramafóònù, kò sẹ́ni tó wo bẹ́ẹ̀dì onírin. Wọ́n ń ti Òṣòdì wá, wọ́n ń ti Àpákùn wá, "Tíṣà, ẹ tún un sọ, ìyá mi ò gbọ́ ibi eyín yẹn." Nígbà tí ó fi di ọ̀sán, ọ̀gá ilé ìwé wa ti mú káàdì tuntun kan, wọ́n fi píìnì há a mọ́ mi láyà: "Ẹni àkọ́kọ́ tí wọ́n mú nídìí bàtà ní Ìsọlọ̀ tí kò jí nǹkan kan." Bí mo ṣe wọ ìtàn ìlú nìyẹn.

Àwọn èèyàn mi lọ, wọ́n sì fún wa ní Múní. Àṣejù ni baba àṣetẹ́, mo ti mọ òwe yẹn kí n tó fọ kẹ̀kẹ́, ṣùgbọ́n mímọ̀ kò ní kó má ṣe èèyàn. Ẹ̀kọ́ tèmi kúrú: ohun tí o bá rí lára ẹrù ẹlòmíràn tó jọ ìdọ̀tí, béèrè kí o tó bu omi sí i, ó lè jẹ́ bàbá wọn ni. Èmi ò ní àǹfààní àti gbàgbé ẹ̀kọ́ náà. Ní àárọ̀ òní yìí, mo gbé ìkòkò kan tí ìdí rẹ̀ dúdú, mo ní kí n ran ìyàwó mi lọ́wọ́. Ó gbọ́ ìró omi láti inú yàrá.

"Bàbá Jùmọ̀kẹ́," ló ké sí mi, "ẹ fi kànìnkànìn yẹn sílẹ̀ jẹ́jẹ́. Ta ló rán yín?"

Mo sì fi sílẹ̀ jẹ́jẹ́, mo rọra ń rẹ́rìn-ín ara mi jáde kúrò nílé ìdáná.